Ìyáàfin Garvanova Kò Kú: Ẹ̀bẹ̀ fún Ìwé Àtúnṣe sí Kóòtù Kí Ìdíje Sátidé Tó Bẹ̀rẹ̀

Họ́sítẹ́ẹ̀lì Kejì, Yàrá 314,
Òpópónà Kestenova,
Gorna Lipa,
Bulgaria.

Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kárùn-ún, Ọdún 2023.

Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì,
Yunifásítì Gorna Lipa,
Gorna Lipa.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ KỌ̀WÉ SÍ KÓÒTÙ ÌLÚ PÉ ÌYÁÀFIN ZLATINA GARVANOVA WÀ LÁÀYÈ, KÍ Ẹ SÌ YÍ ẸJỌ́ TÍ A FẸ́ FI ṢE ÌDÍJE NÍ SÁTIDÉ PADÀ

1. Orúkọ mi ni Ralitsa Doncheva. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí, mo wà ní ọdún kẹrin, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní Ilé Ìgbìmọ̀ràn Òfin Ọ̀fẹ́ tí ẹ̀ka wa dá sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká lọ́yà. Mo ti kọ lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀ rí, mo sì fà á ya, nítorí pé ìbẹ̀rù pọ̀ nínú rẹ̀ ju òfin lọ. Eléyìí náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Níbi tí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn sí i, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe kọ́ wa pé kí a máa kọ ẹ̀rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa, nítorí ẹ̀ka wa ni mo ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

2. Aránṣọ ni Ìyáàfin Zlatina Garvanova. Ìgbà òtútù ni ó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jùlọ, kò sì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ títí tó fi rojọ́ tán. Ọkọ rẹ̀, Hristofor Garvanov, ti fi ilẹ̀kùn rún ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú. Wọ́n fi ẹjọ́ náà lé mi lọ́wọ́ lábẹ́ Olùkọ́ Àgbà Lyudmil Parvanov, olórí ilé ìgbìmọ̀ràn wa. A kọ̀wé sí kóòtù, kóòtù sì fún un ní àṣẹ ààbò fún ìgbà díẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn títí di ọjọ́ tí adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ó kó lọ síbi tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Àwa ní ilé ìgbìmọ̀ràn, àti kóòtù, nìkan ni a mọ ibẹ̀.

3. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Ẹ-Wọlé-Wá-Wò, ẹ̀ka wa máa ń ṣe ìgbẹ́jọ́ àwòṣe níwájú ará ìlú. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe lọ́yà, a ó ṣe ẹlẹ́rìí, àwọn ará ìlú á sì na ìwé pupa tàbí ìwé àwọ̀ ewé sókè láti sọ ẹni tó jàre. Ó ti di àṣà pé láti inú àwọn ẹjọ́ ilé ìgbìmọ̀ràn ni a ti ń mú ẹjọ́ tí a ó ṣe, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé iṣẹ́ gidi ni à ń ṣe. Olùkọ́ Àgbà Parvanov ló kọ ti ọdún yìí, èyí kan náà tí a ó fi bá àwọn yunifásítì mìíràn díje ní Sátidé. Ó yí orúkọ padà, ó sì sọ aránṣọ di onídìrí. Ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn tó rún ìka sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì fi ibi tí obìnrin náà sá lọ sílẹ̀ bó ṣe wà: yàrá kan lókè bẹkẹ́rì, níbi tí òórùn búrẹ́dì ti ń jí i láàárọ̀, tí ojú irin sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bẹkẹ́rì mélòó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní ìlú yìí?

4. Mo sọ ọ́ fún Olùkọ́ Àgbà nígbà tí à ń dán an wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ralitsa, àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ẹjọ́ dùn ún gbọ́. Ta ló máa jókòó máa ka bẹkẹ́rì?" Èmi náà sì ni wọ́n ní kí n ṣe obìnrin náà, torí pé mo mọ ìtàn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ṣe é. Àwọn ènìyàn sunkún. Ìwé àwọ̀ ewé, pé obìnrin náà ló jàre, ló kún gbogbo gbọ̀ngàn.

5. Bí a ṣe parí, ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú wá bá mi lórí pèpéle. Irun rẹ̀ gún régé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé òdòdó pupa mẹ́fà lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí à ń di òdòdó mẹ́fà fún. Òkú ni à ń fún ní òdòdó tó pé méjì méjì; ẹni tó ń mí, márùn-ún tàbí méje ni tirẹ̀. Mo rò pé ẹni tó tà á fún un ló ṣì í kà. Ó ní, "O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Àfi bíi pé ìyàwó tèmi gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Òórùn búrẹ́dì yẹn, ó mà wọ̀ mí lára o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí ojú Garvanov rí títí di ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo ròyìn ọkùnrin náà fún Ìyáàfin Garvanova ni ó bi mí pé ṣé ó ń fi àtàǹpàkò pa àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó sì lọ ti fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ ni.

6. Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tí kò kó kúrò níbẹ̀. Kò síbi tó fẹ́ kó lọ. Ilé ààbò tó sún mọ́ wa wà ní ìlú mìíràn, ó sì ti kún. Yàtọ̀ sí èyí, àṣẹ kóòtù ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yọjú sí òdìkejì ojú irin, a pe ọlọ́pàá, wọ́n fi àṣẹ náà hàn án, ó sì lọ láìjiyàn. Bébà lásán ni àṣẹ yẹn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ògiri tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

7. Lẹ́yìn àjọ̀dún Jọ́ọ̀jì Mímọ́, nínú oṣù yìí, ni ìwé ìkéde òkú jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì bẹkẹ́rì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tó wà níwájú ilé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ránṣọ. Ó ní ìlà dúdú yíká bí gbogbo ìkéde òkú, àwòrán Ìyáàfin Garvanova sì wà láàárín. Àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n gé. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ rẹ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀ ló kéde rẹ̀.

8. Onílé rẹ̀, Màmá Tinka, arúgbó tó ni bẹkẹ́rì, ló kọ́kọ́ rí i. Ìyáàfin Garvanova ti jáde láti òwúrọ̀, ó lọ ra bọ́tìnnì ní ìlú kejì, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Màmá Tinka ya àmì àgbélébùú, ó tan àbẹ́là, ó gbé àlìkámà kaná fún ọkàn òkú, ó sì pe àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí Ìyáàfin Garvanova fi máa wọlé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti jókòó yíká tábìlì nínú àgbàlá, kálukú pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Màmá Tinka pariwo pé, "Jésù o! Zlatina, ṣé ìwọ nìyí àbí ẹ̀mí rẹ?"

Ó ní, "Èmi ni, Màmá. Kí lẹ ń jẹ?"

"Ìwọ là ń jẹ, ọmọ mi. Àlìkámà rẹ ni. Jókòó, ó ṣì kù nínú ìkòkò."

Bàbá Stamen, aládùúgbò wọn, ní, "Mo ti sọ ohun tó dára nípa rẹ tán o, n kò ní kó o padà. Ẹni tí wọ́n bá pòkìkí ikú rẹ̀ láìkú, á dàgbà dàgbà ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìyáàfin Garvanova jẹ díẹ̀ níbẹ̀ kí ó má baà dun arúgbó náà, ó wá gòkè lọ sínú yàrá rẹ̀, ó sì bì í pátá.

9. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan yunifásítì yín nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ràn wa, Ìyáàfin Genka Toteva, gba ibẹ̀ kọjá, ó sì rí ìkéde náà. Ó sunkún dé ọ́fíìsì. Ó sọ fún Olùkọ́ Àgbà Parvanov, Olùkọ́ Àgbà sì kọ̀wé sí kóòtù lójú ẹsẹ̀ pé oníbàárà wa ti di olóògbé, kí wọ́n pa ẹjọ́ náà dé. Kóòtù pa á dé. Àṣẹ ààbò náà bá a lọ.

10. N kò bú Ìyáàfin Toteva. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ti ń mọ ẹni tó kú ní ìlú yìí. Kò sẹ́ni tí í bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìkéde òkú. A máa ń ka orúkọ ni, a ó mi orí, a ó sì kọjá. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, ó ṣeé ṣe kí n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé òfin ni tiwa, a kì í ṣe èrò ọ̀nà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ẹjọ́ yìí, ẹnu géètì ni ẹ̀ka wa ti gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì dá a. Nọ́ńbà fóònù obìnrin náà wà lọ́wọ́ wọn. Tèmi náà wà lọ́wọ́ wọn. Mo wà ní Sofia pẹ̀lú ẹgbẹ́ olùdíje wa lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó pè mí. Ẹni tó lẹ ìwé náà mọ̀ wá ju bí a ṣe mọ ara wa lọ.

11. A kò lè kàn lọ gbé ẹjọ́ tuntun dìde. Òfin fún ẹni tí wọ́n lù ní àkókò kan láti wá sí kóòtù, àkókò yẹn sì ti kọjá láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fi ilẹ̀kùn rún un níka. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni pé kí wọ́n ṣí ẹjọ́ àtijọ́ padà. Ìyáàfin Garvanova fúnra rẹ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní kàǹtà wo káàdì, ó wo ojú rẹ̀, àánú sì ṣe é. Ó ní, "Ìyá, mo rí yín o, mo sì gbà pé ẹ ń mí. Ṣùgbọ́n ìwé ló pa yín, ìwé náà ló máa jí yín. Ẹni tó kọ àkọ́kọ́ ni kó wá kọ èkejì. Tí kì í bá ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ràn, kí ọ̀gá àgbà yunifásítì fọwọ́ sí i." Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

12. Mo kọ́kọ́ lọ bá Olùkọ́ Àgbà Parvanov. Nígbà tí mo sọ fún un pé obìnrin náà wà láàyè, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìwọ náà rò ó wò. Ṣé o fẹ́ kí n kọ̀wé sí adájọ́ pé oníbàárà mi jíǹde, ní ọ̀sẹ̀ tí adájọ́ yẹn gan-an ń bọ̀ wá jókòó bí olórí ìdíje wa? Lójú gbogbo yunifásítì tó kù? Jẹ́ ká ṣe Sátidé tán ná. Mi ò ní mi ò ní kọ ọ́."

Mo ní, "Sà, ọkùnrin yẹn wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ṣé ó ti fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa nígbà yẹn."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìdáhùn yẹn kò kúrò létí mi. Mo ń bi ara mi pé ìgbà wo gan-an ni kò ní dáa mọ́.

13. Bí nǹkan ṣe rí báyìí nìyí. Garvanov ń wọ aṣọ dúdú. Ó ń wọ inú bẹkẹ́rì lọ láàárọ̀, ó ń ra búrẹ́dì gbígbóná, àwọn tí kò mọ̀ sì ń kí i pé ẹ kú àfẹ́kù. Ó ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, ojú rẹ̀ sì wà lára àjà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìdúró tí kò lè mí sókè. Màmá Tinka ti fi igi ìyí-búrẹ́dì lé e jáde lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì kí arúgbó náà dáadáa. A pe ọlọ́pàá. Wọ́n wá. Èyí tó ṣe ọ̀gá nínú wọn bi mí pé, "Ọmọbìnrin, ṣé àṣẹ wà? Kò sí. Kí la fẹ́ mú un fún, pé ó jẹ búrẹ́dì?" Òótọ́ òfin ló sọ. Ìyáàfin Garvanova kì í lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ń ránṣọ ní kọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú gílóòbù kan.

14. Èmi náà ń bẹ̀rù. N kò fẹ́ fi òfin bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jáde láti ilé ìkàwé, mo sì bá Garvanov lórí àtẹ̀gùn. Ó dìde fún mi bí ẹni dìde fún àlejò. Ó ní, "Mo máa wá ní Sátidé o. Wọ́n ní ìwọ náà lo tún máa ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ni mo fẹ́ jókòó sí." Kò bú mi, kò halẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ohun kan tí mo lè kọ sínú ìwé ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n n kò dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun títí ọ̀rẹ́ mi fi wá mú mi. Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ilẹ̀kùn kí a tó sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rìn lẹ́yìn mi, mo máa ń dúró kí ó kọjá. Ìyá mi pè mí láti abúlé, ó ní, "Fi ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀, Rali. Lọ́yà tí kò tíì gbàwé ẹ̀rí, kí lo ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fà? Wálé, wá bá mi gbin tòmátì." Mo fẹ́ lọ. Òótọ́ ni mo sọ fún yín, mo fẹ́ lọ gan-an. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró lórí pèpéle tí mo fi ohùn ara mi júwe ilé rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ ọ̀rọ̀ náà.

15. Ẹ̀ka wa ti sọ fún mi pé dandan ni kí n tún ṣe ipa náà ní ìdíje Sátidé, ẹjọ́ kan náà, bẹkẹ́rì kan náà, níwájú àwọn yunifásítì mẹ́jọ, àti pé wọn yóò máa fi hàn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Bí n kò bá ṣe é, wọ́n ní n kò ní gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò yọ mí nínú ẹgbẹ́ olùdíje. Mo ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ fún ìwé yẹn. Ẹ lè mú un. Kì í ṣe òun ni mo wá bẹ̀ yín lé lórí.

16. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí:

(a) Kí ẹ fọwọ́ sí ìwé kan sí kóòtù ìlú, kí ó tó di pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ní Fúráìdè, pé ilé ìgbìmọ̀ràn wa ṣe àṣìṣe, pé Ìyáàfin Zlatina Garvanova wà láàyè, àti pé kí wọ́n ṣí ẹjọ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú àṣẹ ààbò tó wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ ìwé náà sílẹ̀, mo sì fi í sínú lẹ́tà yìí. Ìbuwọ́lù yín nìkan ló kù.

(b) Kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n mú ẹjọ́ mìíràn fún ìdíje. Àwọn ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ àti ti ajá tó bu olùpín lẹ́tà jẹ wà níbẹ̀. Wọn kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún, ṣùgbọ́n wọn kò ní pa ẹnikẹ́ni.

(d) Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yín má ṣe jẹ́ kí Garvanov wọ ọgbà wa. Mo mọ̀ pé ayẹyẹ gbogbo ènìyàn ni, mo sì mọ̀ pé òfin kò tíì ka ohunkóhun sí i lọ́rùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà wa níbí.

17. Ó ku ohun kan tí n kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ àìṣòótọ́ bí mo bá fi pa mọ́ fún yín. Láàárọ̀ àná, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Garvanova láti sọ fún un pé Olùkọ́ Àgbà ní kí a dúró di ẹ̀yìn ìdíje. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ìyàwó kan. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Adájọ́ tó pa ẹjọ́ mi dé, òun ló ń bọ̀ ní Sátidé, àbí?"

Mo ní, "Òun ni, Àǹtí."

"Ẹni tó bá ń ṣe èmi, ibo ló máa ń jókòó sí?"

"Àárín gbùngbùn, níwájú adájọ́."

"Má jókòó síbẹ̀. Èmi ni màá jókòó síbẹ̀."

Mo sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ yóò wà ní ìlà iwájú, pé kò sí àṣẹ kankan tó lè dá a dúró, pé bí ó bá ti jáde kúrò nínú yàrá yẹn a kò mọ bí yóò ṣe padà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ó já òwú pẹ̀lú eyín rẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀, Ralitsa. Mo ti sá títí, ibi tí mo sá dé ni inú ìkéde òkú. Ṣé ibòmíràn wà lẹ́yìn ìyẹn?" Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ṣé wọ́n máa ń bi ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn ní ìbéèrè. Mo ní wọ́n máa ń bi í, tọ̀tún tòsì.

Ó ní, "Ó dáa. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

18. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó ti gbà láti dúró di Fúráìdè. Bí ìwé yín bá dé kóòtù kí ọjọ́ náà tó parí, yóò jókòó sílé pẹ̀lú àṣẹ lọ́wọ́, àwa yóò sì ṣe ẹjọ́ ajá. Bí kò bá dé, yóò wọ gbọ̀ngàn yín ní Sátidé, ojú ọ̀nà ńlá ni yóò sì gbà wọlé. N kò ní dá a dúró, nítorí n kò ní ẹ̀tọ́ láti tún pa á mọ́ sínú yàrá. Èmi ni n ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, èmi ni n ó sì rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ìlà iwájú wà. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí obìnrin náà fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ohun tí kálàmù yín lè sọ lónìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi títí dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ìbuwọ́lù yín kí Fúráìdè tó ṣú,

Ralitsa Doncheva,
Akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọdún kẹrin,
Olùyọ̀ǹda ara ẹni, Ilé Ìgbìmọ̀ràn Òfin Ọ̀fẹ́,
fún Ìyáàfin Zlatina Garvanova, tó wà láàyè.